Àwọn Aládàámọ̀ Àtijọ́ Kì í Ṣe Ìjọ Kan Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí o. Mo ń kọ̀wé láti fèsì sí lẹ́tà òǹkàwé yín kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé gbogbo ẹgbẹ́ Kristẹni tí Ìjọ Róòmù dá lẹ́bi láyé àtijọ́, láti orí Marcion, Montanus àti Donatus títí dé orí àwọn Cathar àti àwọn ọmọlẹ́yìn Valdes, jẹ́ ìjọ òtítọ́ kan ṣoṣo tí ó ń pààrọ̀ orúkọ bí inúnibíni bá ti ń lé e láti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àti pé ìgbàgbọ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti àwa tí à ń ka Bíbélì lónìí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni èmi fúnra mi, mo sì ti ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì Bíbélì láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Ó dùn ún gbọ́, nítorí ó fún wa ní ìran tí ó lọ tààrà dé ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì láìgba ẹnu ọ̀nà póòpù kọjá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí pọ̀ kò ju pé ibì kan náà ni ìdálẹ́bi wọn ti wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe di ọ̀kan, kí ó wo àṣẹ tí Póòpù Lucius Kẹta pa ní ìlú Verona ní ọdún 1184. Lójú kan náà ni ó ti gégùn-ún fún àwọn Cathar ti gúúsù Faransé àti Ítálì, fún Àwọn Tálákà Lyon, ìyẹn àwọn ọmọlẹ́yìn Valdes, fún àwọn Humiliati ti ilẹ̀ Ítálì, fún àwọn ọmọlẹ́yìn Arnold ará Brescia, àti fún àwọn tí wọ́n ń pè ní Passagini. Àwọn Passagini yìí ní dandan ni kí Kristẹni pa òfin Mósè mọ́, títí kan ìkọlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Cathar ní ọwọ́ Sátánì ni òfin Mósè ti wá. Ẹni tí ó ní kí a kọlà àti ẹni tí ó ní ọ̀tá Ọlọ́run ló pàṣẹ ìkọlà wá bá ara wọn nínú àṣẹ kan náà, lábẹ́ ègún kan náà. Adájọ́ ló tò wọ́n ti ara wọn. Àwa wá gbé ìwé ẹjọ́ náà, a ń kà á bí ìwé ìtàn ìdílé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Marcion, nítorí òun ló pẹ́ jù nínú àwọn tí lẹ́tà yẹn dárúkọ. Ará Sinope ni, ní etí Òkun Dúdú, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi sì ni. Nígbà tí ó dé Róòmù, ó fi 200,000 owó sesterce ta ìjọ ibẹ̀ lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n sì lé e jáde ní ọdún 144, wọ́n kó owó rẹ̀ fún un padà, ohun tí n kò tíì gbọ́ pé ìjọ kankan ṣe lóde òní. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé Ọlọ́run méjì ló wà. Ọ̀kan ni Ẹlẹ́dàá ayé, Ọlọ́run àwọn Júù, tí ó mọ ẹjọ́ dá ṣùgbọ́n tí kò mọ àánú. Èkejì ni Baba Jésù, Ọlọ́run ìfẹ́, tí ẹ̀dá kankan kò mọ̀ rí kí Jésù tó dé. Nítorí èyí ni ó ṣe pa gbogbo Májẹ̀mú Láéláé tì. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, Ìhìnrere Lúùkù nìkan ló mú, ó sì gé ìtàn ìbí Jésù kúrò níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìwé mẹ́wàá tí Pọ́ọ̀lù kọ kún un, ó parí. Kò sí Sáàmù, kò sí Àìsáyà, kò sí Gẹ́nẹ́sísì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Marcion ṣe baba ńlá, kí ó kọ́kọ́ pa ìwé Sáàmù rẹ̀ dé ná.

Bí a bá kúrò níbẹ̀ tí a lọ sọ́dọ̀ Montanus, tí ó jáde ní ilẹ̀ Phrygia, ní Tọ́kì òde òní, ní nǹkan bí ọdún 170, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni a bá pàdé. Montanus kò bá Ẹlẹ́dàá ṣe ẹjọ́ kankan. Ohun tí ó sọ ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń gba ẹnu òun àti àwọn obìnrin méjì, Priscilla àti Maximilla, sọ ìsọtẹ́lẹ̀ tuntun, pé kí àwọn onígbàgbọ́ fi ààwẹ̀ kún ààwẹ̀, kí ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá kú má sì tún ìgbéyàwó ṣe mọ́. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ará Carthage, ni ó lókìkí jù nínú àwọn tí ó gba ìsọtẹ́lẹ̀ yìí gbọ́, òun kan náà ló sì kọ ìwé márùn-ún láti fi já ẹ̀kọ́ Marcion ní koro. Báwo ni ọmọlẹ́yìn Montanus yóò ṣe kọ ìwé márùn-ún lòdì sí ìjọ ara rẹ̀?

Arius ńkọ́? Àlùfáà ni ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, àríyànjiyàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 318. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé Arius ní ènìyàn lásán ni Jésù, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé Baba dá Ọmọ ṣáájú gbogbo ìgbà, pé Ọmọ ni àkọ́kọ́ àti ọ̀gá nínú gbogbo ẹ̀dá, pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni a dá ohun yòókù, àmọ́ pé nígbà kan rí, kò sí. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà, tí Olú-ọba Constantine pè ní ọdún 325, ló dá a lóhùn pé bíbí ni a bí Ọmọ, a kò dá a, àti pé ọ̀kan náà ni òun àti Baba nínú jíjẹ́ Ọlọ́run. Ìdáhùn yẹn ni àwọn ará wa ní ìjọ Áńgílíkà ṣì ń kà nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Nísíà. Ẹ sì wo ẹsẹ Bíbélì tí àwọn ọmọlẹ́yìn Arius fẹ́ràn jù láti fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀: Òwe orí 8, ẹsẹ 22, níbi tí Ọgbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa bí Olúwa ṣe mú òun wà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀nà rẹ̀. Inú Májẹ̀mú Láéláé tí Marcion pa tì ni ẹsẹ náà wà.

Lẹ́tà yẹn tún sọ pé àmì tí a fi ń mọ ìjọ òtítọ́ ọ̀hún ni pé òun ni a máa ń ṣe inúnibíni sí, òun kì í ṣe inúnibíni sí ẹnikẹ́ni. Kí a bi àwọn ará Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, léèrè. Lẹ́yìn Nísíà, ìgbà kan dé tí ọba fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tí ó tako Nísíà, Athanasius tí ó jẹ́ ògúnná gbòǹgbò nínú àwọn alátìlẹ́yìn Nísíà sì di ẹni tí wọ́n lé kúrò nílùú nígbà márùn-ún. Àwọn Vandal, ẹ̀yà jagunjagun kan láti Yúróòpù tí ìgbàgbọ́ ti Arius ni wọ́n gbà, gba Carthage ní ọdún 439, nígbà tí ó sì di ọdún 484, ọba wọn Huneric lé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì sí ìgbèkùn. Bí agbára bá bọ́ sọ́wọ́ aládàámọ̀, òun náà máa ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ Donatus ló gba sùúrù jù, nítorí òun ni àwa Onítẹ̀bọmi fẹ́ràn jù láti gbà mọ́ra. Ní ọdún 303, Olú-ọba Diocletian pàṣẹ pé kí wọ́n gba gbogbo ìwé mímọ́ lọ́wọ́ àwọn Kristẹni, kí wọ́n sì sun ún. Àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe mú àṣẹ yìí ṣẹ ní ìlú Cirta, ní ilẹ̀ Algeria òde òní, ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún náà, ṣì wà títí di òní. Àwọn aláṣẹ ìlú wọ inú ilé ìsìn, akọ̀wé sì ń kọ ohun tí wọ́n ń kó jáde níkọ̀ọ̀kan: ife wúrà 2, ife fàdákà 6, oríṣiríṣi àtùpà, ẹ̀wù obìnrin 82, ẹ̀wù ọkùnrin 16, bàtà ọkùnrin 13, bàtà obìnrin 47. Ó jọ pé aṣọ ìtọrẹ fún àwọn aláìní ni. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ń kó ìwé sí, wọ́n bá a lófìfo, nítorí ọwọ́ àwọn òǹkàwé ìjọ ni àwọn ìwé náà wà. Wọ́n sì ń lọ láti ilé dé ilé láti gbà wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Igbákejì díákónì kan tí ń jẹ́ Silvanus tilẹ̀ tún gbé àpótí fàdákà kan àti àtùpà fàdákà kan jáde fún wọn láti ibi tí a fi wọ́n pamọ́ sí.

Nígbà tí inúnibíni dáwọ́ dúró, ìbéèrè tí ó kù ní Àríwá Áfíríkà ni kí ni kí a ṣe sí àwọn tí wọ́n fi ìwé mímọ́ lé àwọn ọ̀tá lọ́wọ́. Wọ́n fi Caecilian jẹ bíṣọ́ọ̀bù Carthage, àwọn alátakò rẹ̀ sì ní ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí, Felix ará Aptunga, wà lára àwọn tí ó fi ìwé sílẹ̀, nítorí náà oyè rẹ̀ kò mú. Wọ́n yan bíṣọ́ọ̀bù tiwọn, Majorinus. Donatus ló sì jẹ tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kù wá sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á tún un rì bọmi.

Ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn wa ti ń ṣì í. Wọ́n gbọ́ pé Donatus tún ènìyàn rì bọmi, wọ́n ní Onítẹ̀bọmi ni. Kì í ṣe nítorí pé ọmọ ọwọ́ ni ẹni náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rì í bọmi ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Nítorí pé ọwọ́ tí ó rì í bọmi kò mọ́ ni. Bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé gbogbo ọ̀rọ̀ kà, ju bí àwọn Kátólíìkì pàápàá ti gbé e kà lọ, nítorí bí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù bá ti bàjẹ́, gbogbo oore-ọ̀fẹ́ tí ó ń gba ibẹ̀ kọjá ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní ti ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run, Optatus bíṣọ́ọ̀bù Milevis, tí ó kọ̀wé takò wọ́n, jẹ́rìí fúnra rẹ̀ pé ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn jọ ní. Ẹ fi èyí wé Marcion, kí ẹ sọ fún mi bóyá orúkọ kan náà tọ́ sí àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹni tí ó sá fún ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ Caecilian lọ bá Constantine ní ọdún 313. Ìgbà tí wọ́n pàdánù ní Róòmù, tí wọ́n tún pàdánù ní ìpàdé Arles ní ọdún 314, ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí a wá gbọ́ lẹ́nu Donatus lẹ́yìn náà pé kí ló kan olú-ọba nínú ọ̀rọ̀ ìjọ. Àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń gbè sẹ́yìn wọn, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Circumcellion, máa ń fi kùmọ̀ na àwọn Kátólíìkì ní ìgbèríko. Ní ọdún 320, níwájú gómìnà Zenophilus, wọ́n ka àkọsílẹ̀ Cirta sókè ní gbangba, àṣírí sì tú pé Silvanus tí ó gbé àpótí fàdákà jáde ní ọdún 303 ti di bíṣọ́ọ̀bù Cirta, nínú ẹgbẹ́ Donatus! Ẹgbẹ́ tí ó ní ẹni tí ó jọ̀wọ́ ohun mímọ́ kò lè jẹ bíṣọ́ọ̀bù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń darí wọn.

N kò fi èyí gbè sẹ́yìn Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tí ó jẹ́ olórí alátakò wọn. Nígbà tí àpérò Carthage wáyé ní ọdún 411, bíṣọ́ọ̀bù tí ó ju 270 lọ ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré ni àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus. Aṣojú ọba ló dájọ́, ó dá wọn lẹ́bi, òfin ìtanràn àti ìgbẹ́sẹ̀lé sì tẹ̀ lé e. Augustine fi ẹsẹ inú Lúùkù orí 14, níbi tí ọ̀gá ilé ti ní kí wọ́n fi agbára mú àwọn àlejò wọlé, ti ìfipámúni náà lẹ́yìn. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn yẹn fi sílẹ̀ fún ìjọ, kò sí èyí tí ó burú tó o, nítorí àwọn tí ó ń sun ènìyàn níná ní ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀ rí ẹsẹ náà lò dáadáa.

Báwo wá ni orúkọ àwọn àtijọ́ ṣe dé ọ̀rúndún kejìlá? Àwọn àlùfáà ló gbé e lọ. Nígbà tí Eckbert, ẹlẹ́sìn kan ní Schönau ní ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ kọ ìwàásù lòdì sí àwọn Cathar ní ọdún 1163, ó ṣí ohun tí Augustine kọ nípa àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, ará Páṣíà tí ó ní ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń bá ara wọn jà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó ti kú láti ọ̀rúndún kẹta, ó sì so àyọkà rẹ̀ mọ́ ìwàásù tirẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè fi mọ àwọn Cathar. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àwọn mìíràn pe irú àwọn ènìyàn yìí ní ọmọlẹ́yìn Arius, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí wọ́n ń sọ nípa Jésù kò bá ti Arius mu rárá: Arius gbà pé Ọmọ gbé ẹran ara wọ̀ ní tòótọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn Cathar ní ó fara hàn bí ènìyàn ni, kò wọ ẹran ara. Ẹni tí ó bá ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rò pé ọmọ Arius ló ṣí lọ sí Toulouse.

Mo gbà pé ìsopọ̀ wà níbì kan. Ẹ̀kọ́ Bogomil, àlùfáà kan tí ó dìde ní Bulgaria ní ọ̀rúndún kẹwàá, láyé Ọba Peter, gba Constantinople kọjá dé Ìwọ̀ Oòrùn Yúróòpù, ó sì dá mi lójú pé ó wà lára ohun tí ó bí àwọn Cathar. Àwọn méjèèjì ló ní Sátánì ló dá ayé tí a fi ojú rí, àwọn méjèèjì ló sì yàgò fún ẹran jíjẹ. Àwọn Paulician ti ilẹ̀ Armenia, tí lẹ́tà yẹn tò ṣáájú Bogomil, jagunjagun ni tiwọn; wọ́n ní odi ìlú, wọ́n bá olú-ọba Constantinople jà, wọn kò sì sọ ẹran di èèwọ̀.

Ní ti àwọn Cathar fúnra wọn, kí ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gba ènìyàn wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn kedere. Wọn kì í lo omi. Lójú wọn, omi, ẹran ara àti igi àgbélébùú wà lára ohun tí ẹni búburú dá. Ìwé Ìhìnrere ni wọ́n ń gbé lé ẹni náà lórí, àwọn tí ó ti gbà á ṣáájú yóò gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á sì ka Àdúrà Olúwa àti ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìnrere Jòhánù. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ẹni náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ẹyin, wàrà tàbí wàràkàṣì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè jẹ ẹja. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ aya tàbí ọkọ, kò gbọdọ̀ búra, kò gbọdọ̀ parọ́. Nítorí ìnira yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀sìn náà kì í gbà á títí wọ́n á fi wà lórí àkéte ikú. Kí Onítẹ̀bọmi máa pe ẹni tí kò fẹ́ rí omi ìrìbọmi sójú ní baba rẹ̀, ìyẹn kò yé mi.

Gbogbo ìlú ló mọ ìlànà yìí, àwọn ènìyàn sì ń fi gba ara wọn sílẹ̀. Ní Toulouse láàárín ọdún 1230 sí 1240, wọ́n fi ẹ̀sùn àdámọ̀ kan ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jean Teisseire. Guillaume Pelhisson, tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn Dominic, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníwàásù Kátólíìkì, tí ó sì wà lára àwọn tí póòpù ní kí wọ́n máa wá aládàámọ̀ rí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin náà ń ké fún àwọn ará ìlú pé òun kì í ṣe aládàámọ̀, òun ní ìyàwó, òun sì ń bá a sùn, òun bímọ, òun ń jẹ ẹran, òun ń parọ́, òun ń búra, Kristẹni òtítọ́ sì ni òun. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dára: nínú ẹ̀wọ̀n ló ti bá àwọn Cathar gidi pàdé, ó gba ìgbọ́wọ́lé wọn, wọ́n sì sun ún pẹ̀lú wọn.

Àwọn Cathar pàápàá kò fi ohùn ṣọ̀kan. Ní Ítálì, àwọn ti Concorezzo ní ẹ̀dá Ọlọ́run tí ó ṣubú ni Sátánì, nígbà tí àwọn ti Desenzano ní láti ayérayé ni ibi ti wà lọ́tọ̀, rere náà lọ́tọ̀. Wọ́n sì ń dá ara wọn lẹ́bi. Rainerius Sacconi, tí ó ti wà nínú wọn fún ọdún 17 kí ó tó di ẹlẹ́sìn Dominic, kọ ọ́ ní ọdún 1250 pé àwọn tí ó ti gba ìgbọ́wọ́lé ní gbogbo ayé kò pé 4,000. Òótọ́ ni pé ọwọ́ ọ̀tá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn ti wá, àwọn onímọ̀ kan lóde òní sì ń sọ pé àwọn olùwádìí ló sọ àwọn ènìyàn rere ìgbèríko Faransé di ìjọ tí ó létò. Ṣùgbọ́n ìwé ìsìn wọn kan àti ìwé kan tí ó ń gbèjà ìpilẹ̀ṣẹ̀ méjì ṣì wà, àwọn ló sì kọ wọ́n. Ogun tí Póòpù Innocent Kẹta gbé dìde sí ilẹ̀ wọn, tí ó run Béziers ní ọdún 1209, àti iná Montségur tí ó jó ènìyàn tí ó ju 200 lọ ní ọdún 1244, ìwà ìkà ni. A kò nílò láti sọ ẹni tí wọ́n sun di Onítẹ̀bọmi kí àánú rẹ̀ tó ṣe wá.

Valdes ló kù, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo wọn. Olówó ni ní Lyon. Ní nǹkan bí ọdún 1173, ó fi apá kan ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó fi àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ sí ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn, ó sì pín ìyókù fún àwọn tálákà. Ó sanwó fún àlùfáà méjì, ọ̀kan ń túmọ̀, èkejì ń kọ sílẹ̀, kí Ìhìnrere lè wà ní èdè tí àwọn ará ìlú ń sọ. Ní ọdún 1179, àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí àpérò Lateran ní Róòmù láti tọrọ àyè ìwàásù, wọ́n sì ní kí Walter Map, akọ̀wé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán wọn wò. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n gba Ọlọ́run Baba gbọ́. Wọ́n ní àwọn gbà á gbọ́. Ọmọ ńkọ́? Wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ̀mí Mímọ́ ńkọ́? Wọ́n gbà á gbọ́. Ìyá Kristi ńkọ́? Wọ́n tún ní àwọn gbà á gbọ́, gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti fi Màríà ṣe ẹ̀kẹrin Mẹ́talọ́kan láìmọ̀. Map fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí, ó sì ń yangàn. Òpè ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ òdì kankan kò sí lẹ́nu wọn.

Ní ọdún 1180, Valdes jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ níwájú aṣojú póòpù, ìjẹ́wọ́ náà sì wà lákọsílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kan ṣoṣo ló dá ohun tí a rí àti èyí tí a kò rí, pé òun kan náà ló fún Mósè ní òfin. Marcion àti Cathar kò lè sọ èyí. Ó ní òun kò dá ẹni tí ń jẹ ẹran lẹ́bi. Cathar kò lè sọ èyí. Ó ní sákírámẹ́ǹtì tí àlùfáà ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ṣe kò bàjẹ́ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀; Donatus kò ní sọ èyí láé. Ó sì fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, èyí tí àwa náà kò lè sọ. Kí ló wá dé tí wọ́n fi gégùn-ún fún un ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà? Wọ́n ní kí ó má wàásù láìgbàṣẹ, òun sì ní Ọlọ́run ló yẹ kí a gbọ́ràn sí ju ènìyàn lọ. Àìgbọ́ràn ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn obìnrin náà wàásù. Ìyapa wọlé sí àárín wọn nígbà tó yá, àwọn ti Lombardy ya kúrò ní ọdún 1205, díẹ̀ nínú wọn sì wá ń sọ̀rọ̀ bíi ti Donatus nípa àlùfáà búburú, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ohun tí Valdes bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó pa ẹnu mọ́ni jù ni ti Durand ará Huesca. Ọmọlẹ́yìn Valdes ni, ó sì fi ìwé odidi kan já àwọn Cathar ní koro nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ègún Verona. Ní àwọn ìlú gúúsù Faransé, aládàámọ̀ kan ń bá aládàámọ̀ kejì jiyàn ní gbangba lórí bóyá Ọlọ́run ló dá ayé, nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń wá àwọn méjèèjì kiri. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Constance ní ọdún 1415, nígbà tí àpérò ìjọ ka ẹ̀kọ́ Wycliffe, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Jan Hus, àlùfáà ilẹ̀ Bohemia, lọ́rùn. Wycliffe sọ pé búrẹ́dì ṣì jẹ́ búrẹ́dì lẹ́yìn ìyàsímímọ́. Hus ń pariwo pé òun kò kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n sun ún pẹ̀lú ẹ̀sùn náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn ọmọlẹ́yìn Valdes ti di Alátùn-únṣe ìjọ nígbẹ̀yìn, òótọ́ ni. Ní Chanforan, nínú àwọn àfonífojì Piedmont, ní ọdún 1532, ni wọ́n ti pinnu láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Títí di àkókò yẹn, oníwàásù wọn tí wọ́n ń pè ní barba kì í gbéyàwó, ìkọ̀kọ̀ ló sì ti ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn. Ẹni tí yóò bá so wá mọ́ wọn gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀yìn Chanforan ni tàbí iwájú rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, bí ẹni tí ó kọ lẹ́tà ọjọ́sí bá fẹ́ fèsì, ẹ fún wọn láyè. Ìbéèrè kan ni mo ní fún wọn. Ní Àríwá Áfíríkà ní ọdún 303, àwọn kan yàn láti kú dípò kí wọ́n fi ìwé Mósè àti ti àwọn wòlíì lé aláṣẹ lọ́wọ́, àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus sì fi àwọn ajẹ́rìíkú yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Marcion ju ìwé kan náà nù láìsí ẹni tí ó fi idà lé e lọ́rùn. Bí ìjọ kan náà bá ló ni Marcion àti Donatus, ṣé ìwé Gẹ́nẹ́sísì wà nínú Bíbélì ìjọ náà, àbí kò sí níbẹ̀?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́.